Ọ̀dà Ewé Tó Wà Lábẹ́ Pupa: Bí A Ṣe Dá Àwọ̀ Ìjàpá Màmá Padà

Ihò wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe. Mọ́tò ọ̀hún ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n ṣe ní 1966, tí àkọlé 1300 wà lẹ́yìn rẹ̀. Pupa ni wọ́n kùn ún látòkè délẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ wa, pupa tó ti ṣá, tí kò dán mọ́, tó ti ń bó létí fèrèsé. Mo lóṣòó, mo gbé ojú sún mọ́ ìdérí bútù tó wà níwájú (iwájú ni bútù Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì), mo sì rí wọn: ihò kéékèèké, róbótó róbótó, tí etí wọn ga díẹ̀, bí ojú ẹja. Wọ́n pọ̀ lórí ìdérí náà, wọ́n pọ̀ lára ilẹ̀kùn méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú mi dé ìsàlẹ̀, nítòsí ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlé, n kò rí ẹyọ kan.

Ẹni tó bá ń fín ọ̀dà lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń fa irú ihò bẹ́ẹ̀. Tí wáàsì, òróró tàbí sílíkóònù bá wà lára ohun tí à ń kùn, ọ̀dà tútù kì í lè tẹ́ síbẹ̀. Á sún kúrò níbẹ̀ bí omi ṣe ń sá lójú ewé kókò, á sì fi ihò sílẹ̀. Àbùkù ńlá ni fún pẹ́ńtà. Ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà tí mo rí i, torí pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó kun mọ́tò yìí ní pupa kò fọ wáàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, kò sì ha á kó tó kùn ún. Ọ̀dà tí kò rí ohun dì mú, ó ṣeé bó.

Mo yíjú sí Màmá tó ni mọ́tò, tó jókòó sórí àga tí a gbé fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń fi wáàsì pa mọ́tò yìí lára tẹ́lẹ̀?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ta ló sọ fún ọ?"

Màmá ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló ra Ìjàpá yìí ní tuntun nígbà èwe rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a dá sí i. Nígbà tó di ọdún kan tó rin ìrìn-àjò, àwọn ọmọ rẹ̀ rò ó pé kí àwọn fi mọ́tò náà dá ìyá àwọn lára yá fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó máa kùn ún kíákíá ní owó pọ́ọ́kú, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì fi parí ẹ̀. Nígbà tí Màmá dé, ó dúpẹ́, ó súre fún wọn, kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún mọ́kànlá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló ṣàkíyèsí pé láti ìgbà náà, ìyá òun kò fọwọ́ ara rẹ̀ fọ mọ́tò náà mọ́. Ó bi í léèrè, omi sì bọ́ lójú Màmá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e wá.

"Ọmọ mi," Màmá wí fún mi, "àwọ̀ ewé ni mo rà. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti ha á dànù?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná. N kò fẹ́ ṣèlérí ohun tí ojú mi ò tíì tó."

Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni àwọ̀ náà gan-an. Fẹ́ńdà Ìjàpá kì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú bọ́dì. Bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há àárín méjèèjì. Pẹ́ńtà náà kò tú ohunkóhun. Ó fín ọ̀dà pupa kọjá lórí rọ́bà ọ̀hún ni. Mo dẹ bóòtù fẹ́ńdà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, mo fa rọ́bà náà jáde, àwọ̀ ewé sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan tó fẹ̀ tó ìka, tí oòrùn kò rí láti ìgbà tí wọ́n ti di bóòtù náà. Lẹ́tà L ni Volkswagen fi ń ṣáájú nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ láyé ìgbà náà. L518 ni èyí, tí wọ́n ń pè ní Java Green. Nígbà tí Màmá rí i, ó fi ìka kan án, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó gbọ́ nípa iṣẹ́ náà ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú: kí n fi kẹ́míkà bó gbogbo rẹ̀ kan irin, kí n po L518 tuntun, kí n sì fín in. Ó máa tètè yá, ó sì máa dán gbinrin. Mi ò gbà. Kẹ́míkà tí ń bó ọ̀dà kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Bó ṣe ń jẹ tòkè ló máa jẹ tìsàlẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun mọ́tò ní ilé iṣẹ́ kò sì ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kejì lọ́dọ̀ irú àwa báyìí. Bọ́dì lásán ni mọ́tò nígbà náà, kò tíì sí gíláàsì, rọ́bà tàbí wáyà lára rẹ̀, wọ́n á wá tì í sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju 100°C lọ. Ooru yẹn ló ń mú kí àwọn èròjà inú ọ̀dà so kọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá ti so kọ́ra, tínà kò lè tètè tú wọn mọ́. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fín sórí mọ́tò tó ti pé, afẹ́fẹ́ nìkan ló gbẹ ẹ́, tínà tó fò kúrò nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó le. Tí tínà bá tún kàn án, á rọ̀. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Ìdánwò mẹ́ta ni mo ṣe ní kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ bọ́mpà ẹ̀yìn. Mo fi réésà fa ìlà sára ọ̀dà náà ní gbọọrọ àti ní ìbú títí ó fi dà bíi ojú àwọ̀n, mo lẹ téèpù mọ́ ọn, mo já a lójijì: díẹ̀ nínú pupa bá téèpù lọ, ewé kò mira. Mo fi ọṣẹ àti spirit nù ún, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wá rẹ àkísà díẹ̀ sínú tínà, mo gbé e lé e fún ìṣẹ́jú kan, pupa sì rọ̀ bí ìda, ó sọ àkísà di pupa. Mo fi àkísà mìíràn tó mọ́ nu ewé tó yọjú. Funfun ni àkísà náà ṣe wà.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Agbára òòfà ló fi ń mọ bí irin ṣe jìnnà sí i tó. Máíkírọ́ọ̀nù ló ń kà, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Níbi férémù ilẹ̀kùn tí pupa kò dé, ó ka 95. Lórí ìdérí iwájú, 170 sí 190. Èyí já sí pé bí a bá lè mú nǹkan bíi 80 sí 90 kúrò láìfọwọ́ kan tìsàlẹ̀, a ti débẹ̀. Ewé pátá, pẹ̀lú práímà (ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fín sára irin) tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò tó sísanra irun orí méjì. Lórí fẹ́ńdà iwájú lápá òsì, ẹ̀rọ náà ka ju 1,200 lọ. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án: pọ́tì ni, ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara mọ́tò.

Ìdérí iwájú la fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ihò ojú ẹja ti pọ̀ jù. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wọ ìbọ̀wọ́, a lo ìbòmú tó ní èédú nínú, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a sì rí i pé iná kò sí nítòsí. A fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná mú ojú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n tí àtẹ́lẹwọ́ ṣì lè gbà. Mo ti abẹ oníke kan bọ abẹ́ pupa níbi tó ti bó tẹ́lẹ̀, mo mú kí abẹ náà dùbúlẹ̀ débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́ ara mọ́tò, mo sì rọra tì í lọ. Pupa gbéra. Ó ń ká jọ níwájú abẹ bí awọ ejò tó ń bọ́ awọ, ègé kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìpele funfun tó ń yọ̀ díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, wáàsì Màmá tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo fi àkísà nù ún kúrò. Ewé yọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi kígbe. Èmi náà dá iṣẹ́ dúró, mo jáde síta, mo sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í di àtijọ́ lójú mi.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi parí ìdérí iwájú àti ilẹ̀kùn ọ̀tún. Níbi tí pupa kò bá ti gbéra, a ó fi tínà díẹ̀ rọ̀ ọ́, a ó fi àkísà nù ún, a ó sì fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo etí àti ibi tó bá yọ gọngọ ni a lẹ téèpù mọ́, torí pé etí ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù lára mọ́tò èyíkéyìí. Réésà onírin kò jáde àfi níbi tó bá le gan-an, mo sì kọ́kọ́ fi sáńpépà fá igun rẹ̀ méjèèjì kó má baà fa ìlà.

Ilẹ̀kùn òsì ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo gbé àkísà tínà lé e, fóònù dún, mo gbé e, ọ̀rọ̀ sì gùn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rántí. Nígbà tí mo ṣí àkísà náà, ewé ti wà lára rẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ti dòkú, kò dán mọ́, ó fẹ̀ tó àwo tíì kan. Ọ̀dà tí wọ́n yan nínú ààrò ń kọ tínà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ ọ́ títí láé. Ó dùn mí gan-an, mo sì pe Màmá lọ́jọ́ náà láti sọ fún un. Ọjọ́ méjì la kò fọwọ́ kan ibẹ̀, kí ọ̀dà náà lè le padà, kí á tó máa ro ti pọ́líìṣì. Ó padà dán, kì í ṣe tán pátápátá. Tí imọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, mo ṣì ń rí ibi tí àkísà náà gbé sùn.

Mo gbọ́dọ̀ ya ohun kan sọ́tọ̀ níhìn-ín, kó má baà dẹ́rù ba ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ọ̀dà irú èyí kò ní ìpele aláìláwọ̀ lórí bíi ti mọ́tò òde òní. Àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni òkè. Torí náà, bí a bá fi pọ́líìṣì nù ún, àkísà máa di àwọ̀ ewé, kò sóhun tó ṣe é. Ojú tó ti kú ló ń bá àkísà lọ. Ṣùgbọ́n bí ewé bá jáde sára àkísà tínà, kí a dáwọ́ dúró kíá, kí a fọ ibẹ̀.

Orí mọ́tò ni ibi tó gbà wá lákòókò jù. Etí rẹ̀ yí ká bó wẹ́rẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí dé ìwọ̀n kan. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, pupa kọ̀. Tínà rọ̀ ọ́ lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dì mọ́ ewé pinpin. Mo rò pé bóyá ibẹ̀ ni pẹ́ńtà náà ti ha mọ́tò. Mo wò ó, kò sí àmì sáńpépà kankan. Nígbà tí a ti bó gbogbo ohun tó ṣeé bó, a gun àpótí, a wò ó látòkè: pupa tó kù wà ní àárín, ó gùn bọrọgidi bí ẹyin, etí rẹ̀ sì tẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé apá ẹnì kan ló fà á. Apá ẹnì kan ló fà á lóòótọ́. Ìjàpá ga tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, Màmá kò sì ga rárá. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn ni wáàsì dé. Àárín tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ibẹ̀ ni pupa ti rí ewé dì mú láìsí ohun tó là wọ́n.

Sáńpépà olómi ló ṣe ibẹ̀. A kò jẹ́ fi sáńpépà gbígbẹ ha á, torí pé òjé lè wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, pàápàá nínú pupa, yẹ́lò àti ewé, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. A fi sáńpépà oní-nọ́ńbà 1000 bẹ̀rẹ̀, tí a wé mọ́ pákó pẹlẹbẹ kó má baà wọ̀ síbì kan ju ibì kan lọ, pẹ̀lú omi tí a kán ọṣẹ sí. Omi pupa ń ṣàn wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń po osùn, a sì ń fi àkísà gbà á sínú garawa, a kò dà á sílẹ̀. Bí ewé bá ti yọ bí erékùṣù kékeré láàárín pupa, a ó pààrọ̀ sí 1500 tó kúnná jù ú lọ, a ó máa fi ìka méjì lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn, a ó máa nù ún, a ó máa wò ó. Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣe ibi tí kò fẹ̀ ju ìtẹ́lẹ̀ àga lọ. Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ ka 75 níbẹ̀, nígbà tó ń ka 90 ní etí. Ó dínkù, ṣùgbọ́n ewé ni gbogbo rẹ̀, àfi ojú kan tó gùn tó ìka lórí ìlà tó gba àárín ìdérí iwájú, níbi tí práímà ti yọjú. A fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fẹ́ńdà iwájú lápá òsì kò ní ewé kankan tí à bá gbà là. Wọ́n ti kọlu nǹkan níbẹ̀ rí, pẹ́ńtà náà kò sì nà án. Ó di pọ́tì sí kòtò rẹ̀, ó sì ha gbogbo àyíká rẹ̀ kan irin. Ibi kan ṣoṣo tí pẹ́ńtà náà ti fara ṣiṣẹ́ lára mọ́tò náà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni a pàdánù ewé. A tú fẹ́ńdà náà, a gbé e fún páńẹ́lì bítà, ó nà án bọ̀ sípò, ìpẹtà tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ pọ́tì sì kúrò.

A wá po L518 bó ṣe wà nínú ìlànà. Àwọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ńṣe ló dúdú ju ti mọ́tò lọ, ó dà bí ẹni pé mọ́tò méjì ni wọ́n. Oòrùn ti fọ ti Màmá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kùn ún ní pupa. Ara ilẹ̀kùn tí a ti fi pọ́líìṣì nù la wá fi ṣe àwòkọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ̀ẹ̀meje la po ó, tí à ń fín in sórí ike pélébé, tí à ń gbé e sínú oòrùn, sábẹ́ òjìji, àti síta ní ìrọ̀lẹ́. Èkeje ló bá a mu. A kò fín ìpele aláìláwọ̀ lé e, kó má baà dán ju àwọn ìyókù lọ.

Ọ̀dà pupa tó wà lára rọ́bà, gíláàsì àti àwọn irin dídán jáde láàárín ọ̀sán kan.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Pọ́líìṣì tó rọ̀ jù tí a ní la lò kẹ́yìn, nítorí pé gbogbo nínù ló ń mú díẹ̀ lọ. Mo sọ fún àbíkẹ́yìn Màmá pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ohun tó ń ha ojú ọ̀dà kan mọ́tò náà. Omi, ọṣẹ rírọ̀ àti wáàsì tó. Ó bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kí òun san án fún ìyá òun ní ọ̀nà mìíràn, torí pé òun ló mú àbá kíkùn náà wá nígbà yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní kó kàn tẹ̀ lé e wá gbé e.

Màmá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀rọ̀. Ó wo ojú práímà tó yọ lórí ìdérí iwájú. "Màmá, a lè kun kékeré síbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́," mo wí. Ó mi orí. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí mọ́tò, ó nà án lọ títí kò fi lè nà mọ́, ìka rẹ̀ sì dúró síbi tí dídán ewé ti yí padà díẹ̀, ní etí àárín tí a fi sáńpépà ṣe. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáàsì náà fún un lórí fóònù. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá béèrè àkísà tó mọ́ àti agolo wáàsì. Ó pa ilẹ̀kùn lára, ó pa etí orí mọ́tò, ó ń ṣe é róbótó róbótó, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó máa ń dé, ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi.

"Ìwọ tí o ga yìí, wá bá mi pa àárín."